Ebè Tó Ní Èbù Là Ń Dé Lórí

Obìnrin kan wà tí kò wọ ilé Ọlọ́run rí láì bo orí. Ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ. Ìborí tí ó ń lò, funfun ni, léèsì ló yí etí rẹ̀ ká. Òun ni ìyá rẹ̀ fi bo orí níwájú pẹpẹ lọ́jọ́ tí wọ́n so ó pọ̀ mọ́ ọkọ. Bí Ọjọ́ Àìkú bá ti ń sún mọ́, obìnrin yìí á fọ̀ ọ́, á sá a, á ká a sábẹ́ ìrọ̀rí. Kò sí ẹni tó bi í pé kí ló dé tí ó fi ń bò ó. Òun náà kò sì bi ara rẹ̀.

Nígbà tó yá, ó bí ọmọbìnrin kan, àkọ́bí rẹ̀. Wọ́n pe ọmọ náà ní Fẹlísítà. Àyà ìyá kì í balẹ̀ nítorí ọmọ yìí. Bí ọmọ bá sín, á dìde fùú. Bí ọmọ bá sùn pẹ́ jù, á lọ gbé etí sí i nímú, á gbọ́ èémí kó tó jókòó. Bí ọjọ́ ìsàmì ọmọ ṣe wá kù sí dẹ̀dẹ̀, ohun gbogbo ló ń já a láyà. Bí fádà kò bá rí ọkọ̀ ńkọ́? Bí omi bá tutù jù ńkọ́?

Ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀ obìnrin ni wọ́n yàn ní ìyá ìsàmì. Ìbàdàn ni ó ń gbé. Bó ṣe sọ ẹrù kalẹ̀ báyìí, ó rí ìborí lórí okùn, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìyàwó wa, ẹ ṣì ń gbé nǹkan yìí lérí níbí?"

"Bẹ́ẹ̀ ni, àǹtí mi."

"Òfin yẹn ti lọ tipẹ́tipẹ́! Ní ìjọ tiwa, ẹni tó bá wù ló ń bò ó. Èmi kì í bò ó, Olúwa ò sì lé mi síta. Àwọn ọkùnrin ló dé yín mọ́lẹ̀ bí adìyẹ abẹ́ agbọ̀n. Ṣé bí Fẹlísítà mi náà ṣe máa dàgbà nìyẹn?"

Ọ̀rọ̀ tó fi parí yẹn ló gún obìnrin náà. Bó ti ń gbálẹ̀ ló ń rò ó, bó ti ń fún ọmọ lọ́mú ló ń rò ó. Ṣé ìtìjú ni òun ń bò láti ọjọ́ yìí? Bí òun bá bò ó, àǹtí á fi òun ṣe yẹ̀yẹ́ níwájú fádà. Bí òun kò bá bò ó, ó dà bí ẹni pé òun sọ ìyá òun nù. Tí ọmọ bá sì wá béèrè lọ́la, kí ni òun fẹ́ wí fún un?

Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta, tí ìsàmì ku ọ̀la, gbogbo wọn lọ sóko. Ẹ̀ẹ̀rùn ti mú, wọ́n sì ṣẹ̀ṣẹ̀ gbin iṣu ni. Wọ́n ní láti fi koríko gbígbẹ dé orí ebè, kí oòrùn má baà se èbù iṣu mọ́ inú ilẹ̀. Ìyá ọkọ ló ṣáájú wọn. Àǹtí ní kí wọ́n fún òun náà níṣẹ́.

"Ọmọ àgbẹ̀ ni mí, ẹ jẹ́ n ṣe tèmi."

Ó gba etí oko lọ. Ó ń kó koríko, ó ń dé ebè, òógùn ń bọ́. Nígbà tí ìyá ọkọ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ìyá di ìbàdí mú, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ìwọ ọmọ yìí! Ta ló ní kí o dé àwọn wọ̀nyí?"

"Ṣé kì í ṣe ebè ni, Ìyá?"

"Ebè ni, ṣùgbọ́n òfìfo ni. Èbù ti tán ká tó débẹ̀. Ta ní ń dé fìlà fún ilẹ̀ lásán? Ebè tó ní èbù là ń dé lórí. Họ́wù, Ìbàdàn ti gba oko lọ́wọ́ rẹ!"

 Ìyá ọkọ ṣa koríko náà kúrò lórí àwọn ebè òfìfo, ó bá tirẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n ìyàwó dúró, koríko ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó wo àwọn ebè náà lọ, ó wò wọ́n bọ̀. Ìkan kò ga ju ìkan. Fìlà orí wọn nìkan ló ń sọ èyí tí nǹkan wà nínú rẹ̀. Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu rẹ̀.

"Kí ló ń pa ọ́ lẹ́rìn-ín?" ni àǹtí wí. "Ṣé èmi ni?"

"Rárá o, àǹtí mi. Orí mi ni."

Ilẹ̀ Ọjọ́ Àìkú mọ́, ó bo orí rẹ̀. Àǹtí rí i, ó pòṣé.

"Adìyẹ abẹ́ agbọ̀n, o ò gbọ́ àbí?"

"Àǹtí mi, adìyẹ tí wọ́n dé mọ́lẹ̀ ń wá ọ̀nà àtijáde ni. Èmi fi ọwọ́ ara mi bo tèmi. Ẹ wò mí dáadáa, ebè tó ní èbù ni mí."

 Àǹtí fi síkáàfù rẹ̀ kọ́ ọrùn, ó ṣí orí sílẹ̀, wọ́n jọ lọ.

Nínú ilé ìjọsìn, obìnrin náà rí ohun tó ti ń wò láti kékeré tí kò rí. Aṣọ bo ife mímọ́ lórí pẹpẹ. Aṣọ bo àpótí tí Ara Olúwa ń gbé. Kò sí ẹni tó bo àga ìjókòó, kò sí ẹni tó bo korobá ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Ohun tí ìyè wà nínú rẹ̀ ni wọ́n ń bò níbí. Ọrùn rẹ̀ nà ṣánṣán.

Fádà bu omi lé ọmọ lórí, ọmọ figbe ta. Fádà wá na ọwọ́ fún aṣọ funfun tí wọ́n ń fi bo ọmọ tuntun. Ìyá ìsàmì ló yẹ kó mú un wá. Àǹtí wo ọwọ́ ara rẹ̀.

"Ṣé kì í ṣe ṣọ́ọ̀ṣì ló ń pèsè rẹ̀ ni? Ní ìjọ tiwa…"

Tíṣà ìjọ mi orí. Àwọn èèyàn ń kùn. Àǹtí tẹ orí ba.

Obìnrin tí àyà rẹ̀ máa ń já nítorí omi tútù, òun ló sún síwájú. Ó ṣí ìborí kúrò lórí, ó nà án sí fádà.

"Fádà, ẹ fi èyí bò ó. Òun la ṣẹ̀ṣẹ̀ gbìn."

Ó dúró níwájú pẹpẹ pẹ̀lú orí ṣíṣí, kò sá, kò fi ọwọ́ bo irun. Ìgbà náà ni ọwọ́ kan kàn án lórí. Àǹtí ti tú síkáàfù ọrùn rẹ̀, ó ń so ó mọ́ ọn lórí.

"Dúró jẹ́ẹ́ kí n so ó dáadáa," ló sọ sí i létí. "Ebè kì í yí kiri."

Ìwọ tí o gbọ́ àkàwé yìí, ìwọ ni mo ń bá wí. Òfin kọ́ ló gbé ìborí lé obìnrin náà lórí. Ká ní òfin ni, ẹ̀rù kì bá jẹ́ kó ṣí i fún ọmọ rẹ̀. Bí wọ́n bá bi ọ́ pé kí lò ń bò, má ṣe tijú wo ilẹ̀. Ẹni tí kò bo tirẹ̀, má pè é ní ebè òfìfo. Ìwọ kọ́ lo gbin ọkàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí o tó nawọ́ mú ìborí rẹ ní Ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀, bi ara rẹ léèrè ohun tó wà lábẹ́ koríko. Bí nǹkan bá wà níbẹ̀, gbé orí rẹ sókè, kí o sì dé e.