Owó Tí Kò Ní Ihò

Nígbà tí owó ẹyọ ni wọ́n ṣì ń ná ní Ìpẹru, Àwẹ̀ró ń retí Láléyẹ ọkọ rẹ̀, tó lọ ń kó ẹrù sínú ọkọ̀ òkun ní Èkó. Lọ́jọ́ kan, oníṣòwò kan tó ti Èkó bọ̀ fi ìdì ewé kékeré kan lé e lọ́wọ́.

"Ọkọ rẹ ní kí n fún ọ."

Ó ti kọjá lọ kí Àwẹ̀ró tó tú u. Owó bàbà kan ṣoṣo ló wà nínú rẹ̀, tí orí ọkùnrin kan wà lójú rẹ̀.

Ṣówándé, bàbá Àwẹ̀ró, gbà á, ó yí i síwá, ó yí i sẹ́yìn.

"Àrokò ni," ó wí. "Ẹyọ méjì tó kọjú síra, ìfẹ́ ni. Ẹyọ kan ṣoṣo, ìpínyà ni. Èyí tún wá burú, kò níhò! A kò lè sín in pọ̀ mọ́ òmíràn láéláé. Ọkọ rẹ ti kọ̀ ọ́."

Ìyá Àwẹ̀ró pòṣé. "Ọbẹ̀ Èkó ló ti dùn mọ́ ọn lẹ́nu."

Ṣówándé ní kí wọ́n di ẹrù ìdána, kí wọ́n dá a padà fún ará ilé Láléyẹ. Àwẹ̀ró kúnlẹ̀.

"Ẹ dákun, bàbá mi, ẹ jẹ́ kí n lọ rí i ná."

"Kí lo tún fẹ́ rí? Ṣebí ó ti sọ̀rọ̀?"

"Kò sọ̀rọ̀, bàbá. Ó fi nǹkan ránṣẹ́ ni."

Ṣówándé gbà. Etí omi ní Èkó ni Àwẹ̀ró ti bá Láléyẹ, tó ń yí àgbá epo. Àwẹ̀ró kàn la àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ tí owó náà wà ni. Láléyẹ bú sẹ́rìn-ín.

"Ó dé ọwọ́ rẹ! Ṣé ó dùn mọ́ ọ?"

"Ṣé ó yẹ kí ìkọ̀sílẹ̀ dùn mọ́ mi ni?"

Ẹ̀rín kú lójú rẹ̀. Ó ní atukọ̀ òyìnbó kan, ará ilẹ̀ Suwídìn, ló fún òun. Òun bi í pé kí ni wọ́n ń fi rà. Atukọ̀ náà ní kò tó nǹkan, pé irú owó yẹn ni ìyàwó òun fi ń ra wàrà díẹ̀ láràárọ̀.

"Kò sí òwúrọ̀ tí n kì í rántí rẹ," Láléyẹ wí. "Ìdí tí mo fi fi ránṣẹ́ nìyẹn."

"Ta ni yóò mọ ìyẹn ní Ìpẹru?"

Omi lé ròrò sójú Láléyẹ, ètè rẹ̀ ìsàlẹ̀ sì ń gbọ̀n bíi ti ọmọdé. Àwẹ̀ró wò ó títí, ó wá fi etí ìró nu epo kúrò ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀.

"Ẹ fi àgbá yẹn sílẹ̀, olówó orí mi. Ẹ jẹ́ kí bàbá mi náà rí ojú yín."

Nígbà tí wọ́n dé Ìpẹru, Ṣówándé kò bèèrè ọ̀rọ̀ owó mọ́. Ó wo ọkùnrin tó dọ̀bálẹ̀ níwájú rẹ̀, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa, ó sì ní kí wọ́n lọ tú ẹrù ìdána.

Láti ìgbà náà, bí àwọn àgbà bá fẹ́ parí aáwọ̀ láàárín ẹni méjì tó jìnnà síra, òwe tí wọ́n ń pa ni pé: Ojú lọ̀rọ̀ wà.