Orin Jìtá Tí Oyèníran Kò Rí Parí

Dúró ná, ará, fetí sílẹ̀! Ẹni tó lé eku méjì á pòfo.

Oyèníran ń fi jìtá ṣe orin arò aláìlọ́rọ̀ kan fún ìdúpẹ́ ìsìnkú ìyá rẹ̀. Kò tí ì parí rẹ̀ tó fi pe ará ilé wá gbọ́ ọ.

Àbúrò rẹ̀ ní, “Ẹ̀gbọ́n, òkú àgbà la sin, ẹ jẹ́ ká jó!” Oyèníran mú orin náà yá.

Àbúrò ìyá rẹ̀ ní, “Àbí inú rẹ dùn pé ó kú ni?” Oyèníran tún mú orin náà falẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìsinmi ìdúpẹ́ náà, bó ti ń mú orin yá tó tún ń mú un falẹ̀, ìjọ dìde jó, wọ́n tún jókòó. Ọwọ́ Oyèníran dàrú lórí okùn jìtá, ó gbé e sílẹ̀.

“Orin ìyá rẹ dà?” ni bàbá rẹ̀ bi í. Kò mọ̀ ọ́n mọ́.

Ìwọ tí ò ń sá tẹ̀lé gbogbo ẹnu, jọ̀wọ́, yípadà lónìí. Èyí tí Olúwa fi sí ọ lọ́kàn ni kí o parí.