Abẹ́rẹ́ Tó Kọ̀ Tí Kò Dìde

Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a ò mọ èyí tí inú ń run. Bí abẹ́rẹ́ atọ́ka mẹ́ta ojú dáṣíbọ́ọ̀dù píkọ́ọ̀pù àtijọ́ Láyíwọlá ṣe sùn gbalaja nìyẹn: ti epo, ti ooru, ti bátìrì. Bó bá gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, wọn a fò sókè, wọn a jó, wọn a tún sùn, òun náà a bú sẹ́rìn-ín.

Rewáyà tó ń tún iná ọkọ̀ ṣe so wáyà kan tó já padà mọ́ irin ọkọ̀. Abẹ́rẹ́ méjì dìde. Ti epo kò mira.

“Bàbá, ẹ ra epo o.”

“Ìyẹn? Òpùrọ́ ni látijọ́!”

Láyíwọlá bá tẹ fèrè, ó gbé ìyàwó rẹ̀ àti apẹ̀rẹ̀ tòmátò lọ. Ní ìdajì òkè, ọkọ̀ dákẹ́. Oòrùn ń ta, tòmátò ń rọ̀.

Ìyàwó ní: “Baálé mi, ẹ gbá dáṣíbọ́ọ̀dù, bóyá abẹ́rẹ́ á tún jó.”