Ẹ̀rọ Orin Bàbá Fámúrewà

Bàbá Fámúrewà ará Iléṣà tẹ dùùrù ní ṣọ́ọ̀ṣì títí irun orí rẹ̀ fi funfun tán. Nígbà tí ìyàwó rẹ̀ di olóògbé, tí àwọn ọmọ sì ti fọ́nká, ó wá ku òun nìkan nínú ilé ńlá kan. Ní ọjọ́ kan ó yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀. Orí ilẹ̀ ibẹ̀ ni àwọn aládùúgbò bá a ní ìrọ̀lẹ́, ètè rẹ̀ gbẹ, ó sì ń pe orúkọ ìyàwó rẹ̀ tó ti kú. Bí Ìbídùn àkọ́bí rẹ̀ ṣe gbọ́ ní Abẹ́òkúta báyìí, ó wa mọ́tò lọ sí Iléṣà, ó ti ilé náà pa, ó sì kó bàbá rẹ̀ tòun taṣọ lọ sílé tirẹ̀. Kò bi í bóyá ó fẹ́ tàbí kò fẹ́. Ta ni yóò máa bá ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ ikú jíròrò?

Ká sòótọ́, Ìbídùn mọ ènìyàn tọ́jú. Omi gbígbóná kì í wọ́n Bàbá láàárọ̀, oògùn kì í kọjá àkókò, ọbẹ̀ rẹ̀ kò sì ní iyọ̀ nínú rárá nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Ṣùgbọ́n bí àlejò bá wọlé tó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, Bàbá, ara ńkọ́?", Ìbídùn ni yóò dáhùn láti ilé ìdáná pé, "Ara wọn ti ń le, a dúpẹ́." Bí wọ́n bá ní kí Bàbá mu ọtí ẹlẹ́rìndòdò, Ìbídùn ni yóò sọ pé wọn kì í mu ún. Bàbá á lanu, á tún pa á dé. Ẹni tó ti darí odindi ẹgbẹ́ akọrin kò rí ohùn tirẹ̀ lò mọ́. Ó wá ń pe ọmọ rẹ̀ ní "Ìyá mi", gbogbo ilé sì rò pé àwàdà ló ń ṣe.

Orin nìkan ló kù tó jẹ́ tirẹ̀. Ó ní àwọn orin tí òun àti àwọn akọrin rẹ̀ gbà sílẹ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń ṣe ṣámúṣámú lórí dùùrù. Etí rẹ̀ ti wúwo díẹ̀, bó bá sì ń gbọ́ orin, ògiri pàápàá á máa gbọ́ ọ. Ọkọ Ìbídùn ń ṣiṣẹ́ alẹ́, ọ̀sán ló ń sùn. Èyí ló mú kí Ìbídùn ra hẹ́dífóònù fún Bàbá, irú èyí tí wọ́n ń dé sórí tó máa ń bo etí méjèèjì. Àmọ́ nígbà tí wọ́n fi í sára fóònù, ohùn tó jáde tín-ín-rín bí ohùn ẹ̀fọn. Ẹnì kan ní ṣọ́ọ̀ṣì wọn ló sọ fún un pé ampilifáyà onífáàfù, ẹ̀rọ tó ń fún ohùn lágbára, ni irú hẹ́dífóònù bẹ́ẹ̀ ń fẹ́. Ìbídùn gbé Bàbá sọ́kọ̀, ó di ilé ìtajà ẹ̀rọ orin kan ní Ìbàdàn.

Ọkùnrin tó ni ṣọ́ọ̀bù náà ní sùúrù. Ó fi àwọn fáàfù hàn wọ́n, àwọn ìgò kéékèèké tó máa ń pọ́n bí ẹyin iná bí wọ́n bá ti gbóná. Ó ní fáàfù ló ń jẹ́ kí ohùn ki, kó sì rọ̀. Ó wá fọwọ́ lu àpótí irin kan tó wà lọ́tọ̀, tí okùn gígùn so mọ́ ẹ̀rọ.

Ó ní, "Àpótí iná lèyí. Iná inú ilé yín kọ́ ni fáàfù ń jẹ. Àpótí yìí ló ń se é fún un kó tó lè jẹ ẹ́. Bí ò bá sí i, ẹ ò lè gbọ́ nǹkan kan."

Bàbá gbọ́ èyí, ó gbọ́ tọ̀hún. Ìbídùn fẹ́ èyí tó tóbi, tó ń dán yànrànyànràn, tó sì lè dúró ní pálọ̀ kí àlejò rí i. Bàbá dé hẹ́dífóònù rẹ̀, ó mi orí, ó ní ariwo rẹ̀ ju orin rẹ̀ lọ. Lẹ́yìn náà ló kan èyí kékeré kan, onípákó tí wọn ò kùn lọ́dà. Bàbá gbọ́ bí àwọn obìnrin inú akọrin rẹ̀ ṣe mí sínú kí wọ́n tó gbé orin. Kò gbọ́ èémí yẹn rí láti ọjọ́ tí wọ́n ti gba orin náà sílẹ̀. Ó rọra ṣí fìlà.

Ó ní, "Eléyìí ni."

Omi tó wà lójú rẹ̀ ni kò jẹ́ kí Ìbídùn jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tó kan àpótí iná, ó ní, "Ẹ jẹ́ kí n bá yín yan ìyẹn, Bàbá." Olùtajà fi èyí tó mọ níwọ̀n hàn án, ó ní ó tó. Ìbídùn wò ó bí ẹni tó gbọ́ èébú.

"Ó tó kẹ̀? Bàbá mi kọ́ ni yóò máa jẹ ohun tó kàn tó."

Èyí tó wúwo jù nínú ṣọ́ọ̀bù ló rà, àpótí tí ọkùnrin méjì gbé dé inú mọ́tò.

Nígbà tí wọ́n délé, òun fúnra rẹ̀ ló tò ó sí yàrá Bàbá. Ó ní kí wọ́n bá òun gbé àpótí iná sórí tábìlì, ó gbé ampilifáyà lé e lórí, ó ká okùn gígùn náà, ó sì fi òwú dì í kí ó má baà gbé Bàbá ṣubú. Ó mọ́ tónítóní. Ó ní, "Ẹ má fọwọ́ kàn án o. Bí ẹ bá fẹ́ gbọ́ orin, ẹ sáà pè mí."

Bàbá dé hẹ́dífóònù. Ariwo kan ń lọ hùn-ùn-ùn lábẹ́ orin, kò dákẹ́, kò sì sinmi. Èémí àwọn obìnrin náà ti rì sínú rẹ̀. Ìbídùn gbọ́, ó ní iná ìjọba ni kò dára, ó ra sitebiláísà tó ń mú iná dúró déédéé. Ariwo kò lọ. Ó ra fáàfù mìíràn. Kò lọ síbẹ̀. Gbogbo rẹ̀ ló fi inú rere rà, inú ń bí i pé kò ṣiṣẹ́, nígbà tó yá ó ní, "Ẹ máa gbọ́ ọ bẹ́ẹ̀, Bàbá, ó máa mọ́ yín lára." Bàbá kò ní kí wọ́n tan ẹ̀rọ náà fún òun mọ́.

Kò pẹ́ sí i ni Ọ̀gbẹ́ni Àbẹ̀gúndé, tó ti kọrin lábẹ́ Bàbá rí, wá láti Iléṣà. Ó ní ṣọ́ọ̀ṣì fẹ́ ṣe ìdúpẹ́, gbogbo ìjọ sì ń bẹ̀ pé kí Bàbá wá tẹ dùùrù fún orin kan péré. Ojú Bàbá tàn. Kó tó lanu, Ìbídùn ti fèsì.

"Ẹ bá wa dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn, sà. Bàbá ò lè rìnrìn àjò."

Àbẹ̀gúndé wo Bàbá. Bàbá wo ilẹ̀.

Nígbà tí àlejò lọ tán, Bàbá ní, "Ìbídùn, mò ń lọ sílé mi lọ́la." Kò pè é ní Ìyá mi.

"Ilé wo, Bàbá?"

"Èyí tó o tì pa."

Ìbídùn bú sẹ́kún. "Kí ẹ tún lọ ṣubú, kó má sẹ́ni tó máa gbé yín? Kí ni mi ò ṣe fún yín?"

"O ti ṣe gbogbo rẹ̀. O ò ṣẹ́ kínní kan kù fún èmi."

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì Bàbá tan ẹ̀rọ náà fúnra rẹ̀, ó ní kí òun fi orin di ẹrù, ìbáà máa kùn. Okùn hẹ́dífóònù kò dé orí bẹ́ẹ̀dì tó ti ń ká aṣọ. Ó já òwú tí Ìbídùn fi di okùn àpótí iná, ó gbé ampilifáyà kékeré náà wá sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìrọ̀rí. Àpótí iná wúwo jù fún un, ó fi í sílẹ̀ lórí tábìlì lọ́hùn-ún. Nígbà tó dé hẹ́dífóònù, ibẹ̀ dákẹ́ rọ́rọ́, ó rò pé ẹ̀rọ náà ti kú ni. Ibẹ̀ ni àwọn obìnrin náà ti mí sínú, wọ́n sì gbé orin. Bàbá jókòó lé àwọn aṣọ tó ti ká sílẹ̀.

Ìbídùn wọlé pẹ̀lú ojú wíwú láti wá bẹ̀bẹ̀, ó bá a tó ń sunkún.

"Bàbá! Kí ló ń ṣe yín?"

Bàbá gbé hẹ́dífóònù náà dé e lórí. Ìbídùn tẹ́tí, ó tẹ́tí sí i, kò gbọ́ hùn-ùn-ùn kankan. "Ta ló tún un ṣe?"

"Kò sẹ́ni tó tún un ṣe. Mo kàn gbé e kúrò lórí àpótí ni."

Kò gbà á gbọ́. Ó gbé ampilifáyà náà, ó ń sún mọ́ àpótí díẹ̀díẹ̀, ariwo sì ń dìde bọ̀. Ó fà sẹ́yìn, ariwo lọ. Ó tún un ṣe lẹ́ẹ̀kan sí i, bákan náà ni.

"Àpótí yìí ti bàjẹ́ nìyẹn?"

Bàbá ní, "Kò bàjẹ́. Àpótí tó dára ni, òun ló ń gbé orin ró. Ẹ̀rọ tó ń fẹ́ atẹ́gùn sí dùùrù wa ní Iléṣà, ẹ̀yìn ògiri ni wọ́n kọ́ yàrá rẹ̀ sí. Kì í ṣe pé a kórìíra rẹ̀. Bó bá wá jókòó tì wá nínú ṣọ́ọ̀ṣì ni, ohùn tirẹ̀ nìkan ni ìjọ á máa gbọ́."

Ìbídùn kì í ṣe òmùgọ̀. Ó wo àpótí, ó wo báàgì tó wà nílẹ̀, ó jókòó sẹ́bàá bẹ́ẹ̀dì.

"Bàbá, ẹ̀rù ló ń bà mí."

"Mo mọ̀, ọmọ mi."

Ìbídùn fọwọ́ nu ojú rẹ̀. "Ṣé ẹ fẹ́ lọ tẹ dùùrù yẹn?"

Ó bi í, ó sì dúró kó dáhùn. Bàbá rò ó dáadáa, kò kánjú, nítorí ó ti pẹ́ tí wọ́n ti bi í ní nǹkan.

"Mo fẹ́ lọ. Ìwọ ni kó o fi mọ́tò gbé mi lọ. Kó o jókòó sẹ́yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì, bí a bá ṣe tán, ká jọ padà wá sílé níbí."

Ọ̀rọ̀ oògùn, ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ọ̀rọ̀ ọ̀nà tó ní kòtò dé Ìbídùn lẹ́nu. Ó gbé gbogbo rẹ̀ mì, ó ní, "Ó dáa, sà."

Ìdí nìyí tó fi jẹ́ pé, bí àwọn àgbà àdúgbò náà bá rí ẹni tó ń fi ìtọ́jú pa ẹni tó fẹ́ràn lẹ́nu mọ́, wọ́n á ní: ọwọ́ tó ń bọ́ ẹnu kì í dí ẹnu.