Bí Marion Gilkerson Ṣe La Ọ̀nà Omi ní Kilmorran

Òkú mọ́kàndínlógún ni wọ́n sin ní Kilmorran láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Nígbà náà, kí rélùwéè tó dé, Kilmorran kì í ṣe àdúgbò ńlá bí a ti mọ̀ ọ́n lónìí. Abúlé àwọn ahunṣọ ni, lórí òkè kan ní àríwá Glasgow, ní ilẹ̀ Scotland, ilé ibẹ̀ kò sì ju ọgọ́ta lọ. Àrùn onígbáméjì ló wọ̀ ọ́. Ẹni tó bá ọmọ rẹ̀ jẹun àárọ̀ lè ti di ẹni ilẹ̀ kí oòrùn tó wọ̀. Ìró òfì tó máa ń dún láti ojúlé dé ojúlé dákẹ́, àwọn tó ń gbẹ́ sàréè kò ríbi sinmi, àwọn ará Glasgow sì kọ̀, wọn ò fọwọ́ kan aṣọ tó bá ti ibẹ̀ wá mọ́. Àwọn kan ti di ẹrù, wọ́n ní àwọn yóò sá. Ṣùgbọ́n ibo ni wọ́n fẹ́ sá gbà, nígbà tí kò sí abúlé tó fẹ́ gba ará Kilmorran sílé?

Inú abúlé yìí ni Marion Gilkerson ń gbé, Marion Aríògirimápadà, ahunṣọ ọmọ ahunṣọ, obìnrin gíga tí ohùn rẹ̀ kì í ròkè, síbẹ̀ tí gbogbo ilé máa ń dákẹ́ bó bá ti lanu. Ní ọ̀sẹ̀ kejì ni àrùn náà mú James ọkọ rẹ̀ lọ, ó wá ku òun àti Jean, ọmọbìnrin rẹ̀ ọlọ́dún mẹ́jọ. Marion sunkún bí gbogbo opó ti í sunkún, ṣùgbọ́n bó ti ń sunkún ló ń wòye. Ó rí i pé nínú ilé méje tó wà lókè pátápátá, àwọn tó fẹ̀yìn ti ògiri ọgbà Ọ̀gbẹ́ni Pettigrew, onílẹ̀ ńlá ibẹ̀, kò sí ẹnì kankan tó dùbúlẹ̀ àìsàn. Ó mú ọ̀rọ̀ náà lọ bá Baba Dugald Meikle, ẹni ọdún mẹ́tàlélọ́gọ́rin, tó dàgbà jù lábúlé.

"Baba, omi wo ni àwọn ará òkè ń mu?"

"Èyí tó ń jò lábẹ́ ògiri Pettigrew ni," ni baba náà dáhùn. "Ìsun omi kan wà nínú ọgbà yẹn, ọmọ mi. Gbogbo wa la jọ ń pọn ọ́n nígbà tí mo wà ní kékeré, ọ̀nà sì wà tó lọ síbẹ̀. Bàbá Pettigrew yìí ló mọ ògiri dí i, tí a fi di ẹni tó ń pọnmi nínú odò ìsàlẹ̀."

Marion kò ní kó tún un sọ. Odò ìsàlẹ̀ ni ìdọ̀tí gbogbo abúlé ń ṣàn sí, ibẹ̀ náà sì ni àwọn aláró ń da omi aró wọn nù.

Ó gòkè lọ sílé Pettigrew. Kí a má parọ́ mọ́ ọkùnrin yìí o, kì í ṣe ìkà paraku. Ibà ló pa ìyàwó rẹ̀ ní ọdún márùn-ún ṣáájú, láti ìgbà náà ni ẹ̀rù àìsàn ti ń bà á ju ẹ̀rù Ọlọ́run lọ. Kò jẹ́ kí Marion wọlé. Ojú fèrèsé ló ti dá a lóhùn.

"Ìyáàfin Gilkerson, mo bá yín kẹ́dùn ọkọ yín. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣí ọgbà mi sílẹ̀, kì í ṣe omi nìkan ni ẹ ó gbé jáde, ẹ ó gbé àrùn wọlé tọ̀ mí wá."

"Ọ̀gbẹ́ni, ojú ọ̀nà àtijọ́ nìkan la ó tọ̀. A kò ní tẹ koríko yín."

"Ẹ padà sílé, ìyáàfin."

Ó pa fèrèsé dé. Lọ́jọ́ kejì, ó fi ọdẹ rẹ̀, Ewan Tulloch, ṣọ́ ògiri náà tìbọn-tìbọn. Ni Marion bá ń lọ láti ilé dé ilé, ó ń bá àwọn obìnrin sọ̀rọ̀. Wọ́n fi àdéhùn sí àárọ̀ Ọjọ́rú.

Àárọ̀ Ọjọ́rú náà gan-an ni Jean bẹ̀rẹ̀ sí í bì. Kò tó wákàtí méjì tí ojú ọmọ fi wọ inú, tí ètè rẹ̀ sì gbẹ bí èèpo igi. Àwọn obìnrin ti ń dúró níta pẹ̀lú garawa wọn. Marion kò lè dìde. Ìyá Kirsty, aya Baba Dugald, ló wọlé, ó jókòó, ó sì gbé orí ọmọ náà lé itan.

"Bí o bá jókòó tì í, ojú rẹ ni yóò ṣe kú," ni ó wí. "Bí o bá lọ, bóyá wàá bá a láàyè. Èmi ó tọ́jú rẹ̀. Dìde, Marion."

Marion fẹnu ko ọmọ rẹ̀ níwájú orí, ó sì jáde.

Obìnrin mẹ́tàlélógójì ló gòkè lọ́jọ́ náà, wọ́n tò tẹ̀lé ara wọn lẹ́yìn Marion. Àwọn kan sọ pé òòlù ni Marion mú dání. Àwọn mìíràn sọ pé irin inú òfì ọkọ rẹ̀ ni. Ohun tó wà nínú ìwé ilé ẹjọ́ kò ju "irin kan" lọ. Nígbà tí wọ́n dé ibi ògiri, Ewan gbé ìbọn sókè. Marion gbé garawa rẹ̀ kalẹ̀, ó ní:

"Ewan, ọmọ Tulloch, mo mọ ìyá rẹ. Ilé kẹta sí tèmi ló ń gbé, omi odò ìsàlẹ̀ ló sì mu láàárọ̀ yìí. Ọmọ mi wà nílẹ̀, n kò mọ̀ bóyá ó ṣì ń mí. A kò mú ìbọn wá, a kò sì ní sọ òkúta lu ẹnikẹ́ni. Omi tí Ọlọ́run fi sínú ilẹ̀ kí Pettigrew kankan tó dáyé la wá pọn. Bí o bá fẹ́ yìnbọn, èmi ni kí o yìn ín fún, torí èmi ni mo kó wọn wá. Ṣùgbọ́n bí mo bá ṣubú, ẹni tó wà lẹ́yìn mi á mú irin yìí. Bí òun náà bá ṣubú, ẹni tó tẹ̀ lé e á mú un. Òkúta ògiri yìí ni yóò kọ́kọ́ tán, àwa kò ní tán."

Ó kẹ̀yìn sí ẹnu ìbọn, ó sì fi irin gbá òkúta àkọ́kọ́.

Ewan wo ẹ̀yìn obìnrin náà títí, lẹ́yìn náà ó fi ìbọn ti ara igi, ó bọ́ ẹ̀wù òtútù rẹ̀, ó sì bọ́ síbi tí wọ́n ti ń tú ògiri. Wọn kò ju òkúta kankan nù. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ni wọ́n tò ó sí. Ọ̀sán kò tíì pọ́n tí àlàfo náà fi gba ènìyàn méjì. Marion pọn garawa àkọ́kọ́, ó gbé e fún obìnrin tí ẹsẹ̀ rẹ̀ yá jù nínú wọn, ó ní, "Sáré gbé e fún Jean."

Òun fúnra rẹ̀ kò délé lọ́jọ́ náà. Pettigrew dé pẹ̀lú àwọn sójà láti Glasgow, ó béèrè olórí wọn. "Èmi ni," ni Marion wí. "Àwọn yòókù, omi ni wọ́n wá pọn." Wọ́n dè é lọ́wọ́, wọ́n mú un lọ sí ẹ̀wọ̀n. Ṣùgbọ́n nígbà tí Pettigrew wá bíríkìlà tí yóò dí àlàfo náà, gbogbo wọn ní ọwọ́ ń dun àwọn. Ojoojúmọ́ ni àwọn obìnrin ń tò lọ pọnmi. Nígbà tó fi pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ti tú ògiri, kò sí ẹni tó tún ṣàìsàn. Nígbà tí ẹjọ́ lórí ọ̀nà náà dé, tí wọn kò mú Marion wá síbẹ̀, Baba Dugald tẹ̀pá lọ síwájú adájọ́, ó ní, "Lọ́jọ́ ìrìbọmi mi, omi ìsun yẹn ni wọ́n lò, ọ̀nà yẹn ni ìyá mi sì gbà lọ pọn ọ́n." Adájọ́ dá a pé ọ̀nà àwọn ará ìlú ni, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ dí i mọ́.

Ogójì ọjọ́ ni Marion lò lẹ́wọ̀n, ìròyìn ilé kò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ẹsẹ̀ ló fi rìn padà. Nígbà tó dé ẹsẹ̀ òkè, kò lè yà sílé, ẹ̀rù ohun tó máa bá níbẹ̀ ń bà á. Ó kọjá lọ síbi ògiri. Àwọn apọnmi ń bọ̀ lẹ́sẹẹsẹ. Ẹni kẹrin tó yọ láti inú àlàfo náà kéré, ó rù, garawa rẹ̀ sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tóbi tó o. Marion na ọwọ́ méjèèjì.

"Ẹ rọra, Màmá," ni Jean wí, "omi mi á dànù."

Obìnrin tí kò wo ẹ̀yìn nígbà tí ìbọn kọjú sí i wá jókòó sórí òkúta, ó ń sunkún bí ọmọdé.

Nígbà tí Pettigrew darúgbó, ó fi pápá tó yí ìsun náà ká ta àwọn ará Kilmorran lọ́rẹ. Ibẹ̀ ni ọgbà ìgbafẹ́ wọn lónìí, níbi tí àwọn àgbà ti ń yí bọ́ọ̀lù lórí koríko. Òkúta tí wọ́n tú lára ògiri náà ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀ ilé ẹ̀kọ́. Nígbà tí rélùwéè dé, wọ́n darí irin rẹ̀ yí ká kó má baà gé Ọ̀nà Marion, wọ́n sì kọ́ ibùdókọ̀ sí ẹsẹ̀ rẹ̀. Ilé ìkàwé wà lápá ọ̀tún, ilé ìwòsàn lápá òsì. Glasgow ti gbòòrò títí ó fi gba Kilmorran mọ́ra, ṣùgbọ́n àlàfo ògiri ṣì wà níbẹ̀, kò ní ilẹ̀kùn.

Ẹni tó bá sì kó dé àdúgbò náà, ì báà jẹ́ láti Edinburgh, ì báà jẹ́ láti Ìbàdàn, kó tó tú ẹrù rẹ̀ tán, aládùúgbò kan á kan ilẹ̀kùn, á gbé omi dání. Ẹ̀rọ omi wà ní gbogbo ilé, òùngbẹ kò gbẹ ẹnikẹ́ni. Síbẹ̀, ẹni tó gbé omi wá kò ní kúrò lẹ́nu ọ̀nà títí àlejò yóò fi mu ún. Bó bá mu ún tán, aládùúgbò náà á gba ife rẹ̀, á sì sọ gbólóhùn kan péré:

"Ọ̀nà là fún yín."