Ohun Tí Dérìn Pè ní Èènì

Adérìnsọ́lá, tí gbogbo Òkè-Ìpẹ̀ ń pè ní Dérìn, ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ẹgbẹ́ elépo fi kọ́kọ́rọ́ alùpùpù ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́rin lé lọ́wọ́. Opó ni. Ó ní ìyá ọkọ tó ń tọ́jú, kò sì ní oko. Kọ́kọ́rọ́ tó so mọ́ ọrùn yẹn ni oko rẹ̀.

Ẹni tí kò dé Òkè-Ìpẹ̀ rí lè béèrè pé kí ni elépo ń fi irú alùpùpù bẹ́ẹ̀ ṣe. Orí òkè ni ẹbu tí a ti ń fún epo wà, inú àfonífojì ni ọ̀pẹ wà, ọ̀nà tó wà láàárín wọn sì ga bí ẹni ń gun àjà. Tẹ́lẹ̀, orí la fi ń ru ẹyìn gòkè, ọrùn ọ̀pọ̀ wa kò sì bọ̀ sípò títí dòní. Alùpùpù yìí ní àgbá kékeré kan níwájú tí wọ́n ń pè ní wínṣì, òun ni wọ́n ká okùn mọ́. Dérìn á dúró sí orí òkè, á tú okùn sílẹ̀, àwọn tó wà nísàlẹ̀ á so ó mọ́ pákó tí wọ́n to ẹyìn lé, òun á tẹ bọ́tìnnì, ẹyìn á sì máa gòkè bọ̀ díẹ̀díẹ̀.

Wáyà onírin ló bá a wá. Ó lágbára, a ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n nígbà tó pẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í hu ẹ̀gún, kò sí ọwọ́ tó dì í mú tí kò ṣẹ̀jẹ̀. Lọ́jọ́ kan, ó já. Kì í ṣe jíjá lásán o. Ó fò padà bí ẹgba, ó gé igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí méjì níbi tí Ìyá Olúgbèje, ọ̀kan nínú àwa elépo, ṣẹ̀ṣẹ̀ dìde kúrò. Obìnrin náà wo ìdí ọ̀gẹ̀dẹ̀, ó wo ìdí ara rẹ̀, ó sì figbe bọ ẹnu.

Màmá Ṣíjúwọlá, olórí ẹgbẹ́, pe Dérìn.

"A ò bá ọ jà, ọmọ mi. Lọ ra òmíràn wá. Ṣùgbọ́n bí èyí tí o bá rà bá tún já, kọ́kọ́rọ́ á lọ sọ́wọ́ Fáṣẹ̀yìn."

Àbúrò ọkọ Dérìn tó kú ni Fáṣẹ̀yìn yìí. Láti ọjọ́ tí alùpùpù ti wọ̀lú ló ti ń wo kọ́kọ́rọ́ náà bí ajá ṣe ń wo eegun.

Èwo wá ni kí Dérìn rà? Ó kọ́kọ́ lọ bá Ògúnrọ̀mbí alágbẹ̀dẹ.

"Wáyà ni!" ni Ògúnrọ̀mbí wí, kò tilẹ̀ gbójú sókè lẹ́nu iṣẹ́. "Ta ló ń wá okùn kiri nígbà tí irin wà? Òkúta ò lè gé e."

"Bàbá, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pa èèyàn o."

"Kí èèyàn kúrò lọ́nà ni."

Dérìn gba wáyà gbọ́. Ó dé etí odò, ó bá Láṣebìkan apẹja níbi tó ti ń tún àwọ̀n ṣe.

"Okùn ọ̀rá ni!" ni ìyẹn náà wí. "Ìgbà wo lo rí apẹja tó fi wáyà hun àwọ̀n? Okùn ọ̀rá fúyẹ́, kì í dípẹtà, kì í hu ẹ̀gún. Bó bá tiẹ̀ já, á kàn nà sílẹ̀ bí ọ̀lẹ ni."

Dérìn gba okùn gbọ́. Ó délé, ó bá Fáṣẹ̀yìn lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyàwó wa, oòrùn á jẹ okùn ọ̀rá o. Wáyà náà á sì pa yín. Bó bá jẹ́ èmi ni, n kò tiẹ̀ mọ èyí tí mo lè rà."

"Ẹ ṣeun, ọkọ mi. Ìdí nìyẹn tí wọn ò ṣe tíì rán yín."

Ó dáhùn bẹ́ẹ̀ o, ṣùgbọ́n orí rẹ̀ ti dàrú. Bó ṣe ń ro wáyà ló ń ro okùn. Ó gbé omi ìwẹ̀ kaná, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í da gàrí sí i. Ìyá Àgbà, ìyá ọkọ rẹ̀, ń wò ó láti orí ẹní.

"Ìyàwó mi, bó bá jẹ́ ẹ̀bà lo fẹ́ fi wẹ̀ lónìí, sọ fún mi kí n wá ọbẹ̀ sí i."

Ọjọ́ kejì, Dérìn wọ ọkọ̀ lọ sí ìlú. Ọmọbìnrin kan tó ń ta ohun èlò ọkọ̀ ló dá a lóhùn.

"Ìyá mi, wáyà kì í bẹ̀rù òkúta, ṣùgbọ́n bó bá já, ó ń pani. Okùn ọ̀rá kì í pani, ṣùgbọ́n ohunkóhun tó bá mú lè gé e."

"Èwo wá ni kí n rà?"

"Èyí tó bá wù yín ni, mà."

Ẹ ò rí ayé! Ẹni tó ń tà á gan-an kò yàn. Dérìn dúró láàárín ọjà, ó rántí igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ yẹn, ó sì ní òun ń ra okùn ọ̀rá. Ọmọ náà ká a sínú àpò. Kó tó di àpò náà, ó ju irin funfun pẹlẹbẹ kan tó dán bí awo sí i. Ihò gbọọrọ kan wà láàárín irin náà. Lẹ́yìn náà ló yíjú sí àwọn oníbàárà mìíràn tó ń pè é.

Dérìn rí irin náà, inú rẹ̀ dùn. Èènì! Ta ló sì ń béèrè iṣẹ́ èènì? Bí alágbàdo bá ju ẹyọ kan lé e fún ọ, àdúrà lo máa ń ṣe. Dérìn ṣàdúrà fún ọmọ náà, ó gbọ̀nà ilé.

Ìyá Àgbà gba èènì náà, ó yí i síwá sẹ́yìn, ó sì gbé e lé ọmọrí ìkòkò ògì rẹ̀. "Eku ò ní yọ mí lẹ́nu mọ́," ló wí.

Ní ti okùn, Dérìn ká a mọ́ wínṣì, ó sì fa orí rẹ̀ gba ẹnu irin àtijọ́ tí wáyà máa ń gbà jáde. Ọjọ́ kìíní dára. Ọjọ́ kejì dára. Ìyá Olúgbèje fọwọ́ pa okùn lára, ó ní ó rọ̀ ju ọkọ òun lọ.

Ọjọ́ kẹta, ẹyìn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ débi òkè nígbà tí okùn já pàù. Pákó yí gbirigbiri lọ sísàlẹ̀, ẹyìn fọ́n sínú odò. Kò pa ẹnikẹ́ni. Ṣùgbọ́n Màmá Ṣíjúwọlá ti na ọwọ́.

"Kọ́kọ́rọ́, Dérìn."

Dérìn bọ́ ọ lọ́rùn. "Wáyà já. Okùn já. Kí ló wá kù tí ẹ fẹ́ kí n so mọ́ ọn, irun orí mi?"

Ariwo ti kó gbogbo ìlú jọ. Ògúnrọ̀mbí mú ojú ibi tó já, ó wò ó títí. "Èyí kò já o. Nǹkan ló gé e."

Gbogbo ojú yí sí Fáṣẹ̀yìn.

"Èmi kẹ̀? Kí irin pa mí bí mo bá fọwọ́ kan okùn yín! Mo fẹ́ kọ́kọ́rọ́, òótọ́ ni, ṣé ẹni tó bá fẹ́ nǹkan ló di olè?"

Ọ̀rọ̀ dàrú. Àwọn kan ní òun ni, àwọn kan ní Láṣebìkan ló tanni jẹ. Dérìn kò dá sí i. Ibi okùn ló ń wò. Ẹnu irin yẹn gan-an ló ti já. Ó ki ìka bọ̀ ọ́, ó sì yára fà á jáde. Ẹ̀jẹ̀.

"Ẹ fi ọkọ mi sílẹ̀," ló wí. "Ẹ wá fọwọ́ kan ibí."

Ògúnrọ̀mbí fọwọ́ kàn án. Wáyà àtijọ́ ti ha ẹnu náà títí ó fi yọ eyín bí ayùn. Wáyà, irin bíi tirẹ̀, kò mọ̀ ọ́n lára. Okùn ọ̀rá ni ayùn rí jẹ.

"Ẹnu mìíràn ló yẹ kí okùn yìí ní," ni alágbẹ̀dẹ wí. "Pẹlẹbẹ, kó dán, kó ní ihò gbọọrọ láàárín. Ó yẹ kí wọ́n tà á pọ̀ mọ́ ọn ni."

Ìyá Àgbà, tó ti fi ọ̀pá gòkè wá wòran, gbọ́ èyí. "Ẹ dúró ná. Ṣé kì í ṣe ìyẹn ló wà lórí ògì mi?"

Fáṣẹ̀yìn fúnra rẹ̀ ló sáré lọ gbé e. Wọ́n tú ẹnu àtijọ́, wọ́n gbé èyí síbẹ̀, ihò bóòtù bá ihò bóòtù mu rẹ́gí. Láṣebìkan hun orí okùn padà. Wọ́n to ẹyìn lé pákó, ó kún ju ti àárọ̀ lọ. Màmá Ṣíjúwọlá wo kọ́kọ́rọ́ tó wà lọ́wọ́ rẹ̀, ó wo Fáṣẹ̀yìn, ó sì fi kọ́ ọrùn Dérìn padà. Ẹyìn gòkè, okùn kò tilẹ̀ dún.

"Ó dáa," ni Ìyá Àgbà wí. "Kí ni n óò wá fi tẹ ògì mi mọ́lẹ̀ báyìí?"

Dérìn gbé ẹnu irin àtijọ́ lé e lọ́wọ́. "Ẹ gbà, Ìyá. Èènì nìyí."

Láti ìgbà yẹn, bí àgbà Òkè-Ìpẹ̀ bá rí ẹni tó ń fojú kékeré wo ohun tí a fi lé ọjà fún un, ohun tí wọ́n ń wí ni pé: "Yẹ èènì wò kí o tó gbé e lé ìkòkò, èènì mìíràn, òun gan-an lọjà."