Bí Wọ́n Ṣe Kọjá Odò

Àwọn àgbà ní a kì í ru ẹran erin lórí, ká tún máa fi ẹsẹ̀ wa ìrẹ̀. Èmi Ìbídùnní wa á.

Lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni mo ti ń kọ ìtàn bí ìyá ìyá mi ṣe sá kúrò nílé ọkọ tí kò fẹ́. Màmá Ìṣẹ́yìn, àbúrò wọn tí wọ́n jọ sá, nìkan ló kù tó mọ̀ ọ́n. Orí mẹ́fà péré, títí dé ibi tí wọ́n ti dé etí odò, ni mo kọ tí mo fi bẹ̀rẹ̀ sí í polówó ara mi: fọ́tò lónìí, fídíò lọ́la, kí òǹkàwé lè pọ̀.

Lọ́jọ́ tí mo lọ kí Màmá, wọ́n ní, "Wá jókòó, kí n sọ bá a ṣe kọjá odò fún ẹ."

Mo ní, "Ẹ dúró ná, Màmá. Ẹ jẹ́ kí n ya yín ní fọ́tò, káwọn èèyàn mi rí yín."

Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n tún gèlè wọn ṣe. Mo gbé fọ́tò náà sórí íńtánẹ́ẹ̀tì, láìkì àwọn òǹkàwé ń ya wọlé, mo sì ń fèsì fún kálukú títí mo fi dìde lọ.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yípo, Màmá papòdà.

Òǹkàwé mi ti di ẹgbẹ̀rún mẹ́rin báyìí. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń bi mí pé, "Báwo ni wọ́n ṣe wá kọjá odò?"